Ọmọ Tí Ìlù Ń Ni Lára: Bí Ilé Olórìṣà Ṣe Lè Fi Ẹ̀rọ̀ Tù Ú

Bí bàtá bá ń dún lọ́jọ́ ọdún òrìṣà, tí agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń gbè é, inú ọ̀pọ̀ ọmọ a máa dùn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan á fọwọ́ dí etí, wọ́n á sá sábẹ́ tábìlì, tàbí kí wọ́n bú sẹ́kún. Lókè òkun, inú pálọ̀ tàbí gbọ̀ngàn kékeré ni wọ́n sábà máa ń ti ṣọdún. Ariwo náà kì í rọ́nà jáde bíi ti ojúde nílé. Ẹlòmíràn á ní ọmọ náà ń kọ òrìṣà. Ọ̀rọ̀ yìí ń dun òbí, ó sì lè lé odindi ìdílé kúrò nínú ẹgbẹ́.

Ọmọ náà kò kọ òrìṣà. Àwọn èèyàn wà tí ariwo, ìmọ́lẹ̀, òórùn tàbí ìfọwọ́kàn ń wọ̀ lára ju bó ṣe ń wọ ẹlòmíràn lọ. Ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn tó ní autism, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn nìkan. Ní 1972 ni A. Jean Ayres, onímọ̀ ìtọ́jú ará Amẹ́ríkà, ti ṣe ìwé lórí rẹ̀. Ní 2013, àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi í kún àwọn àmì autism nínú ìwé àyẹ̀wò wọn.

Ìṣẹ̀ṣe ti ní àyè fún wọn tipẹ́. Ọbàtálá ló ń mọ ara ènìyàn. Ẹni òrìṣà ni afín, abuké àti arọ. Omi tútù ni tirẹ̀, aṣọ funfun ni tirẹ̀, ìgbín tó ń rọra rìn ni tirẹ̀. Ní Bahia, lọ́jọ́ Águas de Oxalá, àwọn ọmọ ilé Candomblé á jí kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á wọ funfun, wọ́n á pọn omi láìfọhùn. Ìdákẹ́jẹ́ náà, ìsìn ni.

Nítorí náà, ẹ fi omi bẹ̀rẹ̀ nílé. Ẹ bu omi sínú abọ́ fífẹ̀, ẹ kó ewé tútù sí i, kí ọmọ fọwọ́ méjèèjì gbo ó. Gbígbo ewé báyìí ni wọ́n fi ń ṣe omiero ní Cuba, ìyẹn omi ẹ̀rọ̀. Bí òdúndún àti rinrin bá ṣọ̀wọ́n, tẹ̀tẹ̀ wà lọ́jà. Callaloo ni àwọn ará Jàmáíkà ń pè é. Eré ni èyí, kì í ṣe oògùn. Bí ọmọ bá kórìíra ohun tó ń yọ̀ lọ́wọ́, ẹ má fipá mú un.

Ìlẹ̀kẹ̀ sínsín dára fún ọmọ tó fẹ́ràn ohun tó tò lẹ́sẹẹsẹ: funfun ti Ọbàtálá, pupa àti funfun ti Ṣàngó. Ẹ má gbé e fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, kó má baà gbé e mì.

Àwọn kan ń fẹ́ ohun tó wúwo lára. Ẹ ṣẹ́ aṣọ òkè léra lé itan wọn. Ẹ ta aṣọ funfun sí igun yàrá kan, ẹ dín iná ibẹ̀ kù, ẹ má sì sun tùràrí níbẹ̀. Ní alẹ́, ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ ki oríkì ọmọ náà, bákan náà lálaalẹ́, kó lè mọ ohun tó ń bọ̀.

Bí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ onílù kí ọmọ lè fọwọ́ kan awọ ìlù nígbà tó dákẹ́. Bí Àyàn bá wà nínú ìlù náà, ẹ lo òmíràn. Lọ́jọ́ ọdún, ẹ tètè dé, ẹ jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ẹ mú hẹ́dífóònù tó ń dín ariwo kù dání, kí ẹ sì ní yàrá tí ọmọ lè sá lọ. Bí ìnira náà kò bá jẹ́ kó jẹun tàbí kó sùn, ẹ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí babalórìṣà àti ìyálórìṣà sọ ọ́ létí gbogbo ẹgbẹ́ pé ọmọ tó jókòó sí yàrá kejì pẹ̀lú abọ́ omi àti ewé rẹ̀ wà nínú ọdún bíi ti ẹni tó ń jó.