Ìwé ní Kúdẹ̀tì

Ní ọdún 1853 ni David Hinderer àti Anna aya rẹ̀, tí ẹgbẹ́ C.M.S. rán wá, tẹ̀dó sí Kúdẹ̀tì ní Ìbàdàn. Ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn nígbà náà. Ọ̀pọ̀ òbí ni ó gbà pé ìwé a máa sọ ọmọ di ojo, ẹ̀rù náà kò sì ṣe é fi rẹ́rìn-ín: bí àwọn ọmọ bá di ojo, ta ni yóò dáàbò bo agbo ilé? Síbẹ̀ Olóyè Olúnlọ́yọ̀ fi ọmọ rẹ̀ méjì sílẹ̀, Akínyẹlé ọkùnrin àti Yéjídé obìnrin. Anna sì gba àwọn ọmọ mìíràn sílé. Ó ń bọ́ wọn, ó ń dá aṣọ fún wọn, ó sì ń kọ́ wọn ní A B D. Èdè abínibí wọn kò ṣàì ní ìwé, nítorí Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843.

Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etí òkun dí, owó sì tán. Ẹrù ilé ni tọkọtaya náà ń tà kí àwọn ọmọ lè rí oúnjẹ jẹ. Wọn kò tú àwọn ọmọ náà ká. Ní 1869 ni wọ́n padà sí ilẹ̀ wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ gírámà àwọn ọmọbìnrin kan ní Ìbàdàn ń jẹ́ orúkọ Yéjídé títí di òní.