Owó-Orí Méjì: Ibo Ló Yẹ Kí Ọwọ́ Ìjọba Dé ní Abereke?

Owó-orí méjì ni Yorùbá mọ̀. Èkíní ni èyí tí ẹbí ọkọ ń san lórí ìyàwó, èkejì ni èyí tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ijó àti ayọ̀ ni wọ́n fi ń san ti àkọ́kọ́. Ti èkejì ńkọ́? Ẹ bi àwọn bàbá tó ti sá gun òkè àjà rí nígbà tí wọ́n gbúròó agbowó-orí.

Ní Abereke, létí òkun Ìlàjẹ, orí omi ni owó méjèèjì ń gbà kọjá. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ìyàwó lọ ilé ọkọ, òun náà ló ń gbé ẹja lọ Ìgbókòdá. Ìjọba sì ti kọ ọkọ̀ ọ̀hún sínú ìwé. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé iṣẹ́ kánsù ni láti máa fún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi, bárò àti ọmọlanke ní láìsẹ́ǹsì. Ibẹ̀ kan náà ló ti ní kí kánsù máa kọ orúkọ ọmọ tuntun, òkú àti àwọn tó ṣègbéyàwó sílẹ̀.

Ṣé iṣẹ́ ìjọba wá ni ọ̀rọ̀ ìyàwó bí? Òfin fúnra rẹ̀ ti fa ààlà. Ó fún ìjọba àpapọ̀ láṣẹ lórí síso ìgbéyàwó àti títú u ká, ṣùgbọ́n ó yọ ti ìbílẹ̀ àti ti Mùsùlùmí sọ́tọ̀. Nítorí náà, bí ẹbí méjèèjì bá fohùn ṣọ̀kan ní Abereke, tí wọ́n gba owó-orí, tí wọ́n fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́, ó parí. Ẹni tó bá lọ fọwọ́ sí ìwé ní kọ́ọ̀tù ló fúnra rẹ̀ pe ìjọba wọlé. Ọkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹ́ ìkejì mọ́, ẹ̀wọ̀n ń bẹ nínú rẹ̀.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Bí ọkọ bá kú ńkọ́? Ní ọdún 2014, ẹjọ́ opó kan láti ilẹ̀ Ìgbò dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ẹbí ọkọ fẹ́ lé e jáde nílé nítorí pé kò bí ọmọkùnrin. Àwọn adájọ́ ní irọ́ ni, kó jókòó sílé ọkọ rẹ̀. Àṣà ló fẹ́ lé e, ìjọba ló gbà á sílẹ̀.

Ní ti owó-orí ìjọba, àwọn obìnrin ti fa ààlà tiwọn rí. Ní ọdún 1947, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin ọlọ́jà jáde ní Abẹ́òkúta pé àwọn kò san owó-orí fún ìgbìmọ̀ tí kò sí obìnrin nínú rẹ̀. Wọ́n fagi lé owó-orí obìnrin, Aláké alára sì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1949. Ní báyìí, òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 ti yọ ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju 800,000 náírà lọ kúrò nínú owó-orí. Ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja, ẹ há ìyẹn sórí. Owó ọjà àti owó ọkọ̀ ojú omi ti kánsù yàtọ̀ o. Bí agbowó bá dé etí odò, ẹ bi í pé èwo ló ń gbà, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Ọdún 1947 yẹn náà ni àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí tẹ Ayétòrò dó, níbí létí òkun Ìlàjẹ. Wọn kò bá ìjọba fa wàhálà, wọ́n kàn ń ṣe tiwọn. Ẹnikẹ́ni kò ní owó tara rẹ̀. Ẹni tó pẹja, ẹni tó hunṣọ, ẹni tó kan ọkọ̀, àpò kan ni èrè gbogbo wọn ń wọ̀. Àpò yẹn ló ń bọ́ wọn, òun ló ń wọ̀ wọ́n láṣọ, òun ló ń tọ́jú aláìsàn àti arúgbó. Iná mànàmáná ń tàn níbẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì ń tan àtùpà. Wọn kì í gba owó-orí ìyàwó.

Àbí kí ló tún kù? Ṣùgbọ́n owó-orí wo ló wúwo tó kí èèyàn kó gbogbo èrè rẹ̀ sílẹ̀? Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà, ọwọ́ àwọn olórí ìlú ló wà. Ìjọba kò sí nínú yàrá, ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 1960 ń parí lọ, àpò kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú, oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í wá tirẹ̀.

Òkun wá dé. Ó ti gbé ilé, ó ti gbé ilé-ìwé ní Ayétòrò, Abereke náà sì wà lára àwọn ìlú tó ń gbé mì. Ní ọdún 2004, NDDC gbé kọntírákítì ìdènà òkun jáde fún Ayétòrò. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá, òkun kò rí ohun tó dá a dúró.

Àwọn obìnrin Abereke lè dá èsúsú, kí wọ́n fi ra àwọ̀n, kí wọ́n fi sin òkú, kí wọ́n fi gbé ìyàwó fún ọmọ. Èsúsú wo ló fẹ́ ra òkúta tí wọ́n máa fi dí òkun? Iṣẹ́ tí wọ́n ń wá ìjọba fún gan-an nìyẹn, ibẹ̀ ni wọn kò sì tíì rí i.