Orúkọ fún Bakitéríà tí a ń Jẹ nítorí Èèwọ̀ Imú

Ẹni tí eruku jẹ́ èèwọ̀ fún imú rẹ̀, tí ó ń sín, tí ikun rẹ̀ ń dà, yóò ha gbé ‘kòkòrò àrùn’ mì kí ara lè tù ú? Bẹ́ẹ̀ ni àwọn atúmọ̀ kan ń pe bakitéríà. Mo dábàá ‘bakitéríà aṣàǹfààní’.

Ní 2001, àwọn onímọ̀ tí FAO àti WHO kó jọ fi orúkọ náà, probiotic, mọ sí èyí tí ó wà láàyè. A sì ń ta òkú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìyàtọ̀ yìí kò ṣàjèjì: bakitéríà inú omi ògì ń bẹ láàyè, ti inú ẹ̀kọ gbígbóná ti kú. Kí a máa fi ‘ààyè’ tàbí ‘òkú’ kún un.

‘Oògùn’ kò yẹ é. Àfikún oúnjẹ ni. Àbájáde ìwádìí lórí bí ó ṣe ń dín sísín kù kò sì tíì ṣọ̀kan.