Oorun Awakọ̀ Tírélà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni bí àwọn awakọ̀ tírélà ṣe ń sùn nínú ọkọ̀ wọn.

Ẹni tí ó bá gba Ògèrè Rẹ́mọ kọjá lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn yóò rí ọ̀pọ̀ tírélà tí wọ́n tò síbẹ̀, tí àwọn awakọ̀ ń sùn nínú wọn. Àwọn kan a máa rò pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ọ̀nà Èkó sí Kánò tó nǹkan bí kìlómítà 1,000, ara kì í sì í ṣe igi. Àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé ẹni tí kò fojú kan oorun fún wákàtí 17 a máa ṣe bí ẹni tí ó ti mutí díẹ̀. Apá kan iṣẹ́ awakọ̀ ni oorun jẹ́.

Kí ló dé tí wọn kì í lọ sùn sí ilé àlejò? Lọ́nà kìíní, owó ni. Lọ́nà kejì, ìkáwọ́ awakọ̀ ni ẹrù wà. Bí ó bá fi ọkọ̀ sílẹ̀, olè lè fa dísù tàbí kí ó tú bátìrì lọ.

Nínú ọ̀pọ̀ tírélà ńlá, ibùsùn tóóró kan wà lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò ní i lè gbé pákó lé orí ìjókòó, kí ó sì tẹ́ fóòmù lé e. Èyí sàn ju kí ó dorí kọ ìdarí ọkọ̀ sùn, nítorí ọrùn a máa ro ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì máa wú.

Ooru ni ìṣòro tí ó tóbi jù. Nínú àwọn tírélà tòkunbọ̀ tí ó ti Yúróòpù wá, abẹ́ ibi tí awakọ̀ ń jókòó gan-an ni ẹ́ńjìnnì wà. Bí a bá pa á, ooru rẹ̀ kò tètè lọ. Oòrùn náà a gba ara gíláàsì wọlé, irin a sì gbóná. Ìdí nìyí tí awakọ̀ tí ó mòye fi ń wá abẹ́ igi, tí ó ń fi páálí bo gíláàsì iwájú, tí ó sì ń ṣí fèrèsé méjèèjì kí afẹ́fẹ́ lè gba ọ̀kan wọlé, kí ó sì gba èkejì jáde.

Ṣùgbọ́n fèrèsé tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé náà ni ẹ̀fọn ń gbà wọlé, òru sì ni ẹ̀fọn tí ń fa ibà ń jẹni jù. Àwọ̀n ẹ̀fọn tí a gé, tí a so mọ́ fèrèsé, ni ó ń yanjú èyí.

Àwọn mìíràn a fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí ẹ̀rọ amúlétutù lè máa ṣiṣẹ́. Èyí ń jẹ dísù, ó sì léwu. Afẹ́fẹ́ olóró kan tí a ń pè ní carbon monoxide wà nínú èéfín ọkọ̀. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Bí páìpù èéfín bá lu, ó lè wọ inú ọkọ̀, kí ó sì pa ẹni tí ó sùn láìjẹ́ pé ó ta jí. Ewu kan náà ni ó wà nínú dídáná èédú nínú ọkọ̀ nígbà òtútù ọyẹ́.

Gbogbo ọgbọ́n wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n wọn kò tó. Òfin Yúróòpù ti 2006 sọ pé bí awakọ̀ bá wa ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́rin àbọ̀, ó gbọ́dọ̀ sinmi fún ìṣẹ́jú 45. Ní 2017, ilé ẹjọ́ wọn tí ó ga jù tún sọ pé awakọ̀ kò gbọdọ̀ lo ìsinmi gígùn ti ọ̀sẹ̀, èyí tí í ṣe wákàtí 45, nínú ọkọ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé kì í ṣe awakọ̀ nìkan ni ó ni oorun rẹ̀. Ó yẹ kí àwa náà ní ibùdókọ̀ tí ó ní iná, omi, ilé ìyàgbẹ́ àti ọlọ́dẹ. Ó sì yẹ kí àwọn ọlọ́kọ̀ yéé fi ìkánjú lé awakọ̀ wọn. Ọ̀nà kan náà ni tírélà àti bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé-ìwé ń tọ̀.