Òsì Sọ Ìdajì, Ọ̀tún Sọ Odindi: Ọ̀rọ̀ Míkísà Ẹgbẹ́ Wa

Gbogbo wa la mọ ariwo tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Ọjọ́ Àṣà. Wọ́n ní ọmọ JSS 3 kan ló ba míkísà ẹgbẹ́ jẹ́, pé kó kọ̀wé sílé kí bàbá rẹ̀ wá san owó rẹ̀. Ọmọ náà sunkún títí, kò jẹ oúnjẹ alẹ́. Mítà ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí. Wọ́n wọn ẹnu òsì, ó kọ 0.6 V, wọ́n wọn ti ọ̀tún, ó kọ 1.2 V. "Ẹ ò rí i, apá kan ti jó!" Èmi náà wà lára àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má bínú. Kò sí nǹkan tó ṣe míkísà yẹn. Àwa la ò mọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ wo pílọ́ọ̀gì ńlá tó ń wọ ẹ̀yìn míkísà dáadáa. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí: orí ṣóńṣó, òrùka àárín, àti ara gígùn tó jẹ́ ẹ́ẹ̀tì. Lára irú míkísà tiwa yìí, ohùn kan náà ni orí àti òrùka jọ ń gbé, àmọ́ nígbà tí ti orí bá ń lọ sókè, ti òrùka á máa lọ sísàlẹ̀. Tí ẹ bá fi ọwọ́ mítà kan orí àti òrùka, odindi lẹ máa rí. Tí ẹ bá kan orí àti ara, ìdajì lẹ máa rí. Ẹni tó wọn ọ̀tún kan òrùka, ẹni tó wọn òsì kan ara. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Ìdajì yìí làwọn oníṣẹ́ ohùn ń pè ní 6 dB.

Nǹkan míì tún wà tó máa ń da ènìyàn láàmú. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àwọn oníṣẹ́, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń díwọ̀n ni 1.23 V, tí wọ́n ń pè ní +4 dBu. Lára ẹ̀rọ orin inú ilé, irú equalizer tí ẹnì kan fi ta ẹgbẹ́ wa lọ́rẹ, 0.316 V ni, tí wọ́n ń pè ní −10 dBV. Tí ẹ bá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti ilé á dà bí aláìsàn. Ara rẹ̀ le, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.

Kó tó di ọjọ́ ẹjọ́ yẹn ni òǹkà ti ń fò kiri. Ẹ mọ ìdí? Orin fújì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n! Bí ìlù bá dún, òǹkà á fò sókè. Bí olórin bá dákẹ́ mí, á já wálẹ̀. Ohùn kan ṣoṣo tí kì í yí padà la nílò. Ẹ̀rọ tó ń pe irú ohùn bẹ́ẹ̀ wà ní yàrá Físíìsì, fóònù olùkọ́ sì lè pè é pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kó wà ní 200 Hz. Ìwé máa ń sọ 1000 Hz, ṣùgbọ́n torí iná ilé ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ mítà olówó pọ́ọ́kú, tí ohùn bá ti kọjá bíi 400 Hz, ẹ má gba ohun tó bá kọ gbọ́. Ẹ má sì lo 50 tàbí 100 Hz, torí 50 Hz ni iná tiwa, kíkùn rẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ ohun tí ẹ ń wọ̀n.

Àwọn mítà kan wà tó jẹ́ pé 200 V ni ipele AC tó kéré jù lórí wọn. Ìwé pélébé inú páálí wọn sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé ó lè fi tó 1 V ṣì í. Ohun tí àwa ń wá gan-an kò tó 1 V. Ẹni tó fẹ́ fi kóńgò wọn iyọ̀ ọbẹ̀ ni. Mítà yàrá Físíìsì tó ní ipele 2 V ni kí ẹ tọrọ.

Kí ẹ tó wọn ohunkóhun, ẹ dá gbogbo ohun tí à ń tì sókè-sódò lórí equalizer padà sí àárín. Ẹni tó bá ti èyí tó wà nítòsí 200 Hz sókè ní 6 dB, ìlọ́po méjì ló máa rí. Ẹ wo inú fóònù náà, torí àwọn kan ní ohun tó ń fún orin ládùn láìjẹ́ pé èèyàn mọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ohùn yẹn, kí ẹ wo iye tó kù lójú mítà. Kíkùn iná nìyẹn. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná wálẹ̀ dé 170 V, kíkùn yẹn pọ̀ débi pé a rò pé míkísà ti sàn sí i!

Tí òsì àti ọ̀tún ò bá ṣì dọ́gba, ẹ pààrọ̀ wáyà wọn. Bí àìsàn bá bá wáyà lọ, wáyà ló ń ṣàìsàn. Bó bá dúró síbi tó wà, ẹ̀rọ ni. Nígbà ọyẹ́, eruku Onitsha yìí máa ń wọ abẹ́ bọ́tìnnì, òǹkà á máa gbọ̀n bí ẹ bá ṣe ń yí i. Ẹ yí i lọ síwá sẹ́yìn bí ogún ìgbà ná. Bí kò bá gbọ́, ẹ gbé e lọ bá àwọn atúnrédíò. Ìlú tí Tabansi àti Rogers All Stars ti gbé àwo orin jáde nìyí, àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kò wọ́n. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tú páálí irin ẹ̀yìn rẹ̀ o! 230 V ló ń bẹ níbẹ̀.

A ti tún un wọ̀n, orí mọ́ òrùka lápá méjèèjì: òsì 1.21 V, ọ̀tún 1.22 V. Alága ti bẹ ọmọ náà níwájú ẹgbẹ́, èmi náà sì ti bẹ̀ ẹ́. Ní Sátidé tó ń bọ̀ a máa wọn equalizer, òun ló sì máa di mítà mú.