Jùjú Inú Pálọ̀ ní Èkó

Bí a bá dárúkọ jùjú lónìí, ohun tí ó ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni àtíbàbà tí ó bo títì mọ́lẹ̀, gìtá bíi mẹ́rin, àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí í mú kí ilẹ̀ máa mì tìtì. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni orin náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Inú pálọ̀ ni a ti tọ́ ọ dàgbà, láàrin àga àti tábìlì, níbi tí olórin àti àlejò ti jókòó sún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí èkíní lè nawọ́ kan èkejì. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò máa rò pé àìrówó ra ohun èlò ni ó mú kí àwọn àgbà ìjelòó máa fi ènìyàn mẹ́ta péré ṣe orin. Ìrò náà kò tọ̀nà, àlàyé rẹ̀ ni a sì fẹ́ ṣe níhìn-ín.

Wọ́n bí Tunde King ní ọdún 1910, ní àdúgbò Olówógbowó ní Èkó, láàrin àwọn Sàró, ìyẹn àtọmọdọ́mọ àwọn tí a gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú tí wọ́n sì ti Sìẹ́rà Lẹ́ónì padà wálé. Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó sọ orin yìí lórúkọ. Àwọn kan ní nítorí pé onílù a máa ju ìlù pẹlẹbẹ ọwọ́ rẹ̀ sókè, tí yóò sì hán an, ni a ṣe ń pè é ní jùjú. Àwọn mìíràn ní ìtumọ̀ tiwọn. Kí a má fa ọ̀rọ̀ orúkọ gùn. Ohun tí ó dájú ni pé nígbà tí yóò fi di ọdún 1936, tí ilé-iṣẹ́ Parlophone gba ohùn rẹ̀ sínú àwo, orin náà ti gbilẹ̀ nínú ilé àwọn ará Èkó.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun èlò wọn dáadáa. Èkíní ni gìtá-bánjò, tí ó ní okùn mẹ́fà bíi ti gìtá, ṣùgbọ́n tí ikùn rẹ̀ jẹ́ ti bánjò, tí a fi awọ bò. Awọ yìí ni í mú kí ohùn okùn náà ta jáde ju ti gìtá onígi lọ, kí ẹni tí ó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn lè gbọ́ ọ. Èkejì ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni jùjú fúnra rẹ̀, ìlù pẹlẹbẹ olójú kan tí irin wẹẹrẹ wà létí rẹ̀. Nígbà tí ó yá ni a fi agberin kan kún wọn. Bí a bá kó dùndún mẹ́ta wọ inú irú iyàrá bẹ́ẹ̀, ta ni yóò gbọ́ ohun tí olórin ń wí? Ìwọ̀n pálọ̀ ni a fi wọn orin náà, bí aránṣọ ti í wọn ara ẹni kí ó tó gé aṣọ.

Ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ìṣílé àti àìsùn òkú ni ó sábà ń mú kí ènìyàn pe olórin sílé. Onílé ni í san owó ìpè, òun náà ni í pèsè oúnjẹ àti ọtí. Àlejò kì í san kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. (Ní Harlem, ní Amẹ́ríkà, ní àkókò tí kò jìnnà sí èyí, àwọn ènìyàn dúdú a máa pe onídùùrù wá sínú iyàrá wọn, àlejò a sì sanwó kí ó tó wọlé, kí onílé lè fi rí owó ilé san. Ìnáwó ni tiwa. Ìpawó ni tiwọn.) Ṣùgbọ́n bí àlejò ti jókòó tán ni ojú ń kan òun náà, nítorí olórin yóò pe orúkọ rẹ̀, yóò ki baba rẹ̀, ọwọ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àpò. Nítorí náà, olórin tí kò bá mọ ìtàn ìdílé kò lè jẹun nínú pálọ̀. Ní kùtùkùtù ìrọ̀lẹ́ ni yóò ti máa bi onílé léèrè: ta ni ń bọ̀, ọmọ ta ni, kí ni wọ́n ń ki wọ́n? Mo gbà pé ìbéèrè wọ̀nyí ni ó sọ orin náà di ilé ìṣúra oríkì, ju ọgbọ́n ìka olórin èyíkéyìí lọ.

Ìyípadà dé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ní ọdún 1948 ni Akanbi Ege mú gángan wọ inú jùjú. Ní 1949 ni Ayinde Bakare bẹ̀rẹ̀ sí í lo gìtá oníná. Bí iná ti mú ohùn gìtá ga, àyè ṣí sílẹ̀ fún ìlù púpọ̀. Bí ìlù sì ti pọ̀, pálọ̀ kò gbà wọ́n mọ́, wọ́n bọ́ sí gbangba. Nígbà tí I. K. Dairo fi gba oyè MBE ní ọdún 1963, jùjú ti di ti ẹgbẹ́ ńlá. Àwọn kan ń pe èyí ní ìlọsíwájú láìkù síbì kan. Èmi kò bá wọn jiyàn nípa adùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè wa jẹ́ èdè olóhùn. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ohun kan náà, ẹni tí ariwo sì bo ohùn mọ́ lára yóò máa jó sí ọ̀rọ̀ tí kò yé e.

Ewu kan tún wà fún àwa tí ń ṣe ìwádìí. Ojú kan àwo àtijọ́ kò gbà ju orin bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, bẹ́ẹ̀ ni nínú pálọ̀ olórin lè fi orin kan ṣoṣo ki gbogbo ìjókòó láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí fèrèsé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi àwo nìkan ṣe ẹ̀rí yóò wí pé orin náà kúrú, pé oríkì inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ̀bù ni ó rí, ó sì pè é ní odidi iṣu. Ìyókù wà lẹ́nu àwọn àgbà díẹ̀ tí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí wọn, iye wọn sì ń dín kù lọ́dọọdún.

Kò ṣòro láti tún irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ṣe nínú ilé olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ kan. Kí a kó tábìlì kúrò láàrin, kí a fi olórin sí ẹ̀yìn ògiri tí ó dojú kọ ẹnu ọ̀nà, kí àlejò má ju ogún lọ, kí a sì ti sọ fún aládùúgbò ṣáájú. A kò gbọdọ̀ mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọlé. Ṣáájú kí olórin tó dé, kí ẹnì kan ti kọ orúkọ àti oríkì àwọn tí ń bọ̀ sílẹ̀ fún un. Nígbà tí ó bá parí, kí a bi í léèrè àwọn orúkọ tí kò yé wa kí ó tó dìde. Bí a bá fẹ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni kí a gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sún mọ́, kí ó jìnnà sí onísẹ̀kẹ̀rẹ̀, nítorí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ a máa gbé ọ̀rọ̀ mì.