Omi Òṣòdì àti Ìsọlọ̀: bí ìjà omi ṣe di ti aráàdúgbò

Ní Máfòlúkù, ní Òkè-Àfà àti káàkiri Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, kí ènìyàn tó wẹ̀, kó tó dáná, kó tó fọ aṣọ, yóò kọ́kọ́ wá ibi tí yóò ti ra omi. Ó lè jẹ́ bọ̀họ́ọ̀lù onílé kan ládùúgbò, ó lè jẹ́ mẹ́ruwà tó ń ti kẹ́ẹ̀gì kiri lórí ọmọlańkẹ́, ó sì lè jẹ́ píọ̀ wọ́tà inú ọ̀rá. Omi ẹ̀rọ ìjọba ti kúrò nínú ohun tí ọ̀pọ̀ ń retí.

Kì í ṣe pé omi kò sí. Ọ̀sà àti odò yí Èkó ká, òjò kì í sì í ṣahun níbẹ̀. Omi tó mọ́, tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, tó sì dé ẹnu ọ̀nà ilé, ni ó wọ́n. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ará Èkó àti ìjọba ti ń fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́: ta ni yóò sanwó omi, ta ni yóò sì máa darí rẹ̀?

Ṣé àjálù ni èyí?

Òkè-Àfà mọ ohun tó ń jẹ́ àjálù. Ní ọjọ́ 27, oṣù January, ọdún 2002, ohun ìjà bú gbàmù ní bárékè ológun Ìkẹjà. Àwọn tó ń sá àsálà kó sínú kánààlì Òkè-Àfà lóru, nítorí ewéko ti bo ojú omi náà. Àwọn tó kú lápapọ̀ lé ní 1,000, gbogbo ayé sì gbọ́.

Àìsí omi tó mọ́ kì í dún bẹ́ẹ̀. Owó ọbẹ̀ ni yóò di owó omi, ọmọdé ni yóò gbé kẹ́ẹ̀gì kiri kó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ìgbẹ́ gbuuru ni yóò sì máa lọ tí yóò máa bọ̀.

Òdiwọ̀n kan wà tí a lè fi wo ọ̀rọ̀ náà. Ìlànà Sphere, tí àwọn àjọ aṣèrànwọ́ ń lò ní àgọ́ àwọn ogunléndé, ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan rí omi lítà 15 lójúmọ́, ó kéré tán. Ibi tí wọ́n ti ń pọn ún kò gbọdọ̀ jìnnà ju mítà 500 lọ, wọn kò sì gbọdọ̀ tò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà yóò nílò lítà 90, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 mẹ́rin. Bí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ bá ń ra kẹ́ẹ̀gì méjì péré lójúmọ́, omi tó ń lò kò tó ti àgọ́ ogunléndé, bẹ́ẹ̀ ìgboro Èkó ló ń gbé.

Kí ló dé tí bọ̀họ́ọ̀lù kò yanjú rẹ̀?

Nígbà tí ẹ̀rọ ìjọba kò ṣeé gbójú lé mọ́, ẹni tó lówó gbẹ́ bọ̀họ́ọ̀lù tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri tó ya ilé sí ilé lókè kò dé abẹ́ ilẹ̀. Ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà máa ń fún ni ni pé kí kànga jìnnà sí ṣáláńgá tàbí sókàwéè ní mítà 30, ó kéré tán. Plọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pè ní odidi l'Ékòó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní fífẹ̀ àti 120 ní gígùn, ìyẹn bíi mítà 18 ní fífẹ̀ àti 37 ní gígùn. Bí onílé tilẹ̀ ṣe tirẹ̀ bó ṣe yẹ, sókàwéè aládùúgbò rẹ̀ lè wà ní mítà mẹ́wàá sí kànga rẹ̀.

Ọ̀nà tí kọ́lẹ́rà ń gbà wọlé nìyẹn. Inú ìgbẹ́ ẹni tó ní i ni kòkòrò rẹ̀ ti ń jáde, á wọnú omi tàbí oúnjẹ, bí kò bá sì sí ìtọ́jú, ó lè pa ènìyàn láàárín wákàtí mélòó kan nítorí omi ara tó ń gbẹ. Ní oṣù June ọdún 2024, ó tún jà l'Ékòó. Ìtọ́jú àkọ́kọ́ kò wọ́n: ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀, kí a tẹ́ orí wọn pẹrẹsẹ, nínú lítà kan omi tó mọ́, kí a máa fún aláìsàn mu bí a ti ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé omi tó mọ́ yẹn náà ni kò sí.

Síse omi ń pa kòkòrò. Kò lè yọ epo. Ní Bárúwà, lápá Ìpàjà, láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn ará àdúgbò ti ń ké pé epo bẹntiróòlù láti inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ ti ba kànga àwọn jẹ́. Ẹ̀jìgbò, tó wà nínú Òṣòdì-Ìsọlọ̀, náà ní ibùdó epo NNPC, iléeṣẹ́ epo ìjọba. Kò sí onílé kan tó lè dá irú ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀ tún ṣe.

Ta ló ń jà, kí sì ni wọ́n ń bèèrè?

Ìjà náà kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní 1908, nígbà tí Gómìnà Walter Egerton fẹ́ fa omi ẹ̀rọ wọ Èkó kó sì gba owó orí omi, àwọn ará ìlú yarí. Dókítà John Randle àti Dókítà Òrìṣàdípẹ̀ Ọbásá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní ọdún náà láti tako owó orí náà. Wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ omi Ìjù ní 1915, rògbòdìyàn owó omi sì tún bẹ́ sílẹ̀ ní 1916.

Ní 2014, àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ àyíká ERA (Environmental Rights Action), tí Akinbode Oluwafemi wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀, àti àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbé ìpolongo "Our Water, Our Right" dìde. Wọ́n tako ètò tí IFC, ẹ̀ka Báńkì Àgbáyé, ń bá ìjọba Èkó ṣe láti fa àwọn aládàáni wọ iṣẹ́ omi. Ní 2015, àdéhùn ìmọ̀ràn tó wà láàárín IFC àti ìjọba Èkó fọ́. Nígbà tí òfin àyíká tuntun ń bọ̀ ní 2017, wọ́n tún pariwo pé apá kan rẹ̀ yóò sọ tálákà tó ń wá omi fún ara rẹ̀ di arúfin.

Àlàyé ìjọba ni pé owó tí wọn yóò fi tún páìpù àtijọ́ ṣe kò sí lápò ìjọba, àfi kí aládàáni dá sí i. Èsì àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ni pé aládàáni ń wá èrè, àti pé àdúgbò tálákà ni yóò gbẹ́yìn. Wọ́n lè tọ́ka sí Dar es Salaam, níbi tí ìjọba Tanzania ti fagi lé àdéhùn iléeṣẹ́ City Water ní 2005. Wọ́n tún ń tọ́ka sí ọjọ́ 28, oṣù July, ọdún 2010, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde pé omi mímọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn.

Kí ló kù sí ọwọ́ aráàdúgbò?

Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní CDA, wà káàkiri Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Ó lè dáwó jọ kí wọ́n yẹ omi kànga wò ní yàrá àyẹ̀wò, torí omi tó mọ́ lójú lè ní kòkòrò. Ó lè kọ orúkọ àwọn tó ní ìgbẹ́ gbuuru sílẹ̀ kí àjàkálẹ̀ tó dé.

Ó sì lè ka owó. Ní 1908, àwọn ará Èkó ní kànga tiwọn, wọn kò rí ìdí láti sanwó ẹ̀rọ. Lónìí, wọ́n ń sanwó fún mẹ́ruwà, fún oní-bọ̀họ́ọ̀lù, fún dísù tó ń gbé bọ̀họ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ àti fún píọ̀ wọ́tà, ẹ̀rọ ni kò sí. Bí òpópónà kan bá ṣírò gbogbo ohun tó ń ná lórí omi lóṣù, tó sì gbé iye náà lọ bá káńsù àti aṣòfin rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì, yóò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti tún sọ pé àwọn ará ibẹ̀ kò fẹ́ sanwó omi. Wọ́n ti ń san án tipẹ́, ibi tí owó náà ń lọ ni kò tọ́.